Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí Qubes OS: mo ti rí ìdáhùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìdúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo béèrè bóyá àjọ gidi kankan ń lo Qubes OS (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, tó ń pín iṣẹ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ààbò), torí ọ̀gá mi ní ohun ọ̀fẹ́ kì í ní ààbò.

Ẹ̀rí wà. Freedom of the Press Foundation, àjọ tó ń jà fún òmìnira akọ̀ròyìn ní Amẹ́ríkà, kọ́ irinṣẹ́ SecureDrop Workstation sórí Qubes gan-an, kí akọ̀ròyìn lè ṣí fáìlì tí ẹni tí kò mọ̀ rí fi ránṣẹ́. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ (bíi kọ̀ǹpútà kékeré nínú kọ̀ǹpútà; ètò kan tó ń jẹ́ Xen ló ń mọ ògiri àárín wọn). Bí fáírọ́ọ̀sì bá bá a wọlé, tí ẹ bá ti pa yàrá yẹn, ó parí. Ọ̀gá mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀!

RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) ló fẹ́ bà á jẹ́: 16GB ni wọ́n dámọ̀ràn fún Qubes, ti kọ̀ǹpútà wa ò ju 4GB lọ. A máa ra kọ̀ǹpútà méjì péré, fún àwọn tó ń gba lẹ́tà aráàlú. Àwa yòókù á máa lo Tails, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì láì fi ipa sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó dárúkọ Tails fún mi, ẹ ṣé gan-an ni.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.