Èsì: Ta ló sọ fún wa pé àpáta ni rọ́ọ̀kì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka lẹ́tà yín láì dá sí i. Mo ní àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ wà níbẹ̀, wọn yóò bá àbúrò wa tó ń gbé ní Òkè-Ìlèwó sọ̀rọ̀. Kàkà kí wọ́n bá a sọ ọ́, ńṣe ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Fún ẹni tí kò tíì ka lẹ́tà náà: àbúrò to orin àwọn olórin rọ́ọ̀kì tí ọjọ́ orí wọn lé ní 70, ààyè àti òkú. Orin ọkọ̀ ojú irin ni gbogbo rẹ̀, nítorí ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ ọ bí òun bá wọ rélùwéè ní Ládérin tí òun ń lọ sí Èkó. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dùn. Àkọlé rẹ̀ ni kò dùn: “Àtọ̀jọ Orin Àpáta láti Ẹnu Àwọn Arúgbó”.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé àkọlé yẹn ró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wọ́. Ti àárín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ni ẹ ń yìn jù.

Àpáta. “Rock” tó wà nínú orúkọ orin yẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ. Àwọn atukọ̀ òkun ló ti ń lò ó láti ayébáyé fún bí ọkọ̀ ṣe ń fì sọ́tùn-ún sósì lórí ìgbì. Nígbà tó yá, ó bọ́ sẹ́nu àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà: ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹ̀mí bá gbé wọn, lálẹ́, bí ijó bá wọ̀ wọ́n lára, àti fún nǹkan mìíràn tí àgbà kì í là mọ́lẹ̀ níwájú ọmọdé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Trixie Smith ti fi í kọrin lọ́dún 1922, nǹkan mìíràn yẹn gan-an ló sì ń wí. Nígbà tí Alan Freed, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Cleveland, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀ láti ọdún 1951 títí tó fi di orúkọ orin, kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Mímì ni. Fífì ni. Jìgìjìgì ni.

Àbúrò mi, wo ibi tí ò ń gbé ná. Abẹ́ òkúta la wà. Olúmọ ló dúró lé wa lórí. Bí “orin àpáta” bá wọ̀lú, àpàlà Àyìnlá Ọmọ́wùrà ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà ju orin Mick Jagger, olórin ẹgbẹ́ Rolling Stones, lọ. Bí o bá sì lọ bá àwọn ìyá ìjọ ní St. Peter's, Aké, tí o ní kí wọ́n kọ orin àpáta kan fún ọ, inú ìwé orin mímọ́ ni wọn yóò ti dá a, wọn ò sì ṣì ọ́ gbọ́. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Á kọ “apata”. Ẹnìkan á kà á sí asà ogun, ẹlòmíràn á rò ó dé ọ̀dọ̀ alápatà, á máa béèrè ẹran.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn dá sí i, wọ́n ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, wọ́n ní ṣebí òkè ni wọ́n fi sọ fújì náà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bá mi ja ìjà mi. Síkírù Àyìndé Barrister ló sọ pé ìpolówó Òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáànì lòun rí ní pápákọ̀ òfurufú tí orúkọ náà fi wọ òun lójú. Ṣé ó wá túmọ̀ rẹ̀ ni? Ṣé ó ní “orin òkè” lòun ń kọ? Fújì ló pè é, fújì ni ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ ń pè é títí dòní, kò sì sẹ́ni tó ní kì í ṣe Yorùbá. Bí a ṣe gba jáàsì náà nìyẹn, bí a ṣe gba rẹ́gè náà nìyẹn.

Àwọn ọmọ tiwa tó kọ rọ́ọ̀kì fúnra wọn ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Joni Haastrup àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi mọ̀nàmọ́ná sọ ẹgbẹ́ olórin wọn. Yorùbá pọ́ńbélé! Wọn ò sì yọ orin náà lẹ́nu. Àwọn mẹ́ta tó dá BLO sílẹ̀ lọ́dún 1972, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn ni wọ́n so pọ̀: Berkley, Láolú, Odùmósù. Àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's ní Èkó tó dá Ofege sílẹ̀, gìtá ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn tó lù ú, tó kọ ọ́, kò sí èyí tó pè é ní àpáta. Àwa tí à ń fi fóònù gbọ́ ọ la wá ń sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá sì jẹ́ dandan kó ní orúkọ Yorùbá, inú mì tàbí inú fì ni kẹ́ ẹ ti fà á yọ. Bí ẹnìkan bá ní “orin ajìgìjìgì”, n ó rẹ́rìn-ín, n kò ní bá a jà. Rọ́ọ̀kì ni n ó máa wí ní tèmi.

Ẹnìkan tilẹ̀ ti gba ọ̀nà yẹn dé “Àwọn Òkúta Yíyí” fún Rolling Stones. Ibẹ̀ nìkan ni òkúta wà lóòótọ́, torí inú àkọlé orin Muddy Waters kan ni wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1962, òkúta tó ń yí kiri sì ni. Ṣùgbọ́n ta ló túmọ̀ Inter-Reformers, ẹgbẹ́ olórin Ebenezer Obey, Baba Commander wa, rí?

Mo wá dé ibi tó ń tì mí lójú. Ẹ wo àmì tó wà lábẹ́ “àtọ̀jọ” yẹn. Ìwé là ń tò, ìlà là ń tò. Orí ẹní ni ọmọdé ń tọ̀ sí. Bí “à” bá sì lọ jókòó síwájú tọ̀, ohun tó ń bí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣe àkọlé níbi tí ìyá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń ka lẹ́tà wa lárọ̀ọ́lọ́. Àbúrò ní fóònù ló fi í sí i. Fóònù wo? Tiwa kì í fi àmì kankan sí nǹkan àfi bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́.

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, kì í jẹ́ ká jókòó láràárọ̀ àfi bí olúkúlùkù bá fi dò-re-mí kọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ohùn á wà lóòró títí agogo oúnjẹ. Àwọn ọmọ tí orúkọ wọn gùn ló jìyà jù. Bí wọ́n bá wà láyé tí wọ́n rí “àtọ̀jọ” yìí, gbogbo wa tí a dákẹ́ ni wọn ì bá nà, wọn ì bá wá fi àbúrò ṣe ìkẹyìn.

Ká tiẹ̀ ní àmì náà ti kúrò. Ìyá wa olùkọ́ ní kí a kúkú lo “àkójọ”, ó ti wà nílẹ̀. Mo wólẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Pàǹtí là ń kó. Ẹrù là ń kó. Ẹni tó kó nǹkan jọ kò ní láti mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ wá wo ohun tí àbúrò ṣe: Chuck Berry ló fi ṣí i, Little Richard ló fi tẹ̀ lé e, torí ìdí wọn ni àwọn yòókù ti hù, orin tó rọlẹ̀ kò sì sí ní àárín àwọn tó ń sáré. Títò nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń kó nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ní “àṣàyàn orin”, òun náà dára, ṣùgbọ́n ṣíṣà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, èèyàn sì lè ṣà kó má tò. Nítorí náà, àtòjọ, pẹ̀lú ò, láìsí nǹkan lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ó ní bí fóònù bá wá da orin náà rú, tó ń gbé e bó ṣe wù ú ńkọ́? Nígbà yẹn ó ti di àkójọ, mo gbà. Kí ẹni tó tò ó lọ bá fóònù rẹ̀ jà.

“Àtòjọ oníkókó” tí wọ́n dábàá fún èyí tí gbogbo orin inú rẹ̀ bá dá lórí ohun kan, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó rí i pé oníkòkó ni, ọjà Láfẹ́nwá ló ń lọ. “Àtòjọ orin ọkọ̀ ojú irin” ti tó.

Ó ku arúgbó. Oṣù kẹrin ọdún 1942 ni wọ́n bí Ebenezer Obey, tiwa-n-tiwa. Oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n bí Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles. Ta ló tó dúró ní Panṣẹ́kẹ́ kó pe Baba Commander ní arúgbó olórin? Àwọn ọlọ́kadà nìkan á ti fi ìbéèrè pa á. Kí wá ni McCartney ṣe? Ẹni ọdún 31 ni nígbà tó wá gba ohùn sílẹ̀ ní Àpápá lọ́dún 1973, tí Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú gbé. Lọ́dún 2022, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó pé 80, ó dúró ní Glastonbury, ó kọrin kọjá wákàtí méjì. Jagger náà ń sáré lórí ìtàgé lọ́dún 2024 ní ẹni 80. Charlie Watts tó ń lu ìlù fún Rolling Stones láti ọdún 1963, ikú ló gba ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2021.

Ẹ̀gbọ́n ní kí ló burú nínú gbó, ṣebí à ń ṣàdúrà pé “wàá gbó, wàá tọ́”. Òótọ́ ni. Àdúrà là ń fi í ṣe. Ẹ dárúkọ ẹnìkan tó ń fi í kí àna rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbà, èmi náà ò gbà.

Àgbà ọ̀jẹ̀ ni mo ní ká lò, ó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí gbogbo wa. Olùṣọ́àgùntàn tó wà láàárín wa kọ̀ ọ́, wọ́n ní ti egúngún ni ọ̀jẹ̀. Ti egúngún náà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi Ozzy Osbourne, olórin ẹgbẹ́ Black Sabbath, dáhùn. Àìsàn Parkinson ti dá a gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Lọ́jọ́ 5 oṣù keje ọdún 2025, ó padà sí Birmingham tí wọ́n bí i sí láti kọrin ìdágbére. Metallica ṣeré, Guns N' Roses ṣeré, àwọn náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣe tiwọn tán ni Ozzy tó bọ́ sójú agbo, ó jókòó sórí ìtẹ́ dúdú, ó kọ ọ́ lóríjókòó, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì ń gbè é. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù náà, ó kú lẹ́ni ọdún 76. Egúngún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tó gba gbogbo ìyẹn láìjẹ́ ọ̀jẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Olùṣọ́àgùntàn pàápàá, bí ẹ̀rù òkùnkùn bá ń bà wọ́n, kí wọ́n lọ ka ohun tí àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà sọ nípa Black Sabbath ná, wọn yóò mọ̀ pé ọ̀jẹ̀ kéré síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún gbọ́n ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé Ẹ̀gbá kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ohùn, pé Ọ̀yọ́ ni kí a lọ bi. Ìlú yìí ni Townsend, òyìnbó oníwàásù, ti tẹ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, ẹ̀gbọ́n. Ìlú yìí náà ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti rí ìyá rẹ̀ lọ́dún 1846, kò sì dúró bi wọ́n pé ohùn wo ni wọ́n fi kí òun.

Àbúrò, yí àkọlé yẹn padà kó o tún un fi ránṣẹ́. Bí o bá sì ń to òmíràn, kó o fi ti BLO sí i, kì í ṣe òyìnbó àti Amẹ́ríkà nìkan ló ń dàgbà.

Èmi ni tiyín, láti Ìbarà.

Mo gbàgbé: ẹni tó ní kí gìtá máa jẹ́ “gòjé òyìnbó”, ọrun ni wọ́n fi ń ha gòjé, ìka ni wọ́n fi ń ta gìtá. Bí o bá jẹ́ ọmọ ìlú yìí lóòótọ́, tí o sì gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí rí, Baba Lẹ́gbàá, n kò mọ bí o ṣe fẹ́ ṣi gòjé mọ̀. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.