Windows 7 ló wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń tẹ̀wé, mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Windows 7 ni mò ń lò, RAM rẹ̀ ò ju 2GB lọ. Iṣẹ́ Ojúde Ọba ti dé, àwọn regbẹ́regbẹ́ ń gbé flash wá lọ́tùn-ún lósì. Lánàá, mo ki flash oníbàárà kan bọ̀ ọ́, ni gbogbo fódà inú rẹ̀ bá di shortcut, ọfà kékeré lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ojú tì mí. Èyí tó wá gba oorun lójú mi ni pé ìyá kan fi kọ̀ǹpútà yìí kan náà wọ báńkì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí n ṣì máa lò ó?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fi antivirus sí i, òun lèmi ń lò.

Alátùn-únṣe, Ṣàgámù: Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, antivirus nìkan ò lè gbà á. Láti 14 oṣù Kìíní 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 7 dúró. Tàwọn tó ń sanwó àfikún pàápàá parí ní 2023. Ihò tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tí yóò dí i. Bí ògiri bá sì ti lanu, aláǹgbá á wọ̀ ọ́.

Ẹ rántí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó jà ní oṣù Karùn-ún 2017. Kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbà fò láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, á ti fáìlì pa, á bèèrè owó. Àwọn ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe tó lè dá a dúró ti jáde láti oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò gbà á wọlé. Ìgbà yẹn, àtúnṣe ṣì wà.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjagun: Ẹ̀gbọ́n, Windows 10 ńkọ́?

Alátùn-únṣe, Ṣàgámù: Òun náà parí ní 14 oṣù Kẹwàá 2025, àfi ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Windows 11 ní tiẹ̀, RAM 4GB ló kéré jù tó ń gbà. Ẹ yọ tiyín kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kó máa tẹ̀wé nìkan títí ẹ ó fi rówó ra òmíràn. Linux Mint, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, náà á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ máa falẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ní ti flash yẹn, ẹ má tẹ shortcut kankan. Kòkòrò yẹn sábà máa ń fi fáìlì pamọ́ ni, kì í pa á rẹ́.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yọ módẹ́ẹ̀mù. Mo pe ìyá yẹn, ó ti fi fóònù ọmọ rẹ̀ yí password báńkì padà. Mò ń gbé flash náà bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ṣàgámù lọ́la.