Díákónì ọdún àkọ́kọ́ ní Àbújá: kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò kí ọdún tó parí?

Díákónì_Kubwa kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Kátólíìkì tí ẹ wà ní Àbújá àti gbogbo òkè Ọya. Díákónì ni mí ní páríìṣì kan lápá Kubwa, ọdún àkọ́kọ́ sì ń lọ sópin. Wọ́n ní kí n kọ àyẹ̀wò iṣẹ́ mi fún Fádà tó ń bójú tó mi. Mi ò fẹ́ kọ "Ọlọ́run ṣeun, gbogbo rẹ̀ dára" kí n sì fọwọ́ sí i. Òfin Ìjọ ní ó kéré tán, oṣù 6 gbọ́dọ̀ wà láàárín oyè díákónì àti ti àlùfáà. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó, àsìkò yìí ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n.

Níbo ni díákónì tuntun ti sábà máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí ló sì ń fà á? Ẹ fi sọ́kàn pé Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ni a fi ń ṣe Mísà níbí, a sì ní outstation (ìjọ kékeré tó wà lábẹ́ páríìṣì).

Akọ̀wé_Páríìṣì fèsì:

Díákónì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọ́fíìsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣi nǹkan ṣe lórí pẹpẹ, kí Mísà tó parí ni àwọn ìyá ìjọ yóò ti rí i. Èyí tí ẹ bá ṣì kọ sínú rẹ́jísítà, ó di ọjọ́ tí ọmọ náà bá fẹ́ ṣègbéyàwó kó tó hàn, ẹ̀yin á sì ti wà níbòmíràn.

Ẹ gbé rẹ́jísítà bàtísí kalẹ̀, kí ẹ tọpa gbogbo èyí tí ẹ ṣe. Kánọ̀n 877 nínú ìwé òfin Ìjọ béèrè orúkọ ẹni tí a bàtísí, ẹni tó ṣe é, àwọn òbí, baba àti ìyá ìsàmì, àwọn ẹlẹ́rìí bí wọ́n bá wà, ibi àti ọjọ́ tí a ṣe é, àti ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí ọmọ náà. Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bàbá ọmọ lè pe orúkọ kan, kí ìwé ìbí gbé òmíràn. Ìwé ìbí ni kí ẹ dà kọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bàtísí tí ẹ bá ṣe ní outstation, ẹ má fi bébà rẹ̀ sùn nínú àpò sútánà. Ọjọ́ náà gan-an ni kó wọ rẹ́jísítà. Baba tàbí ìyá ìsàmì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 16, kó ti gba Kọ́nfámésọ̀n àti Kòmúníọ̀nù, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òbí ọmọ náà. Ẹ má sì fi "a" rọ́pò "mo" nínú "Mo ṣe bàtísí fún ọ" nígbà tí ẹ bá ń da omi, torí Róòmù sọ ọ́ kedere lóṣù kẹjọ ọdún 2020 pé bàtísí tí wọ́n fi "a" ṣe kì í ṣe bàtísí rárá, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe ni.

Ìgbéyàwó ló wá le jù. Oyè díákónì nìkan kò tó láti so tọkọtaya pọ̀. Àṣẹ gbọ́dọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù tàbí Fádà olórí páríìṣì. Àṣẹ ti Fádà kò sì kọjá ààlà páríìṣì rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ wá so òun pọ̀ ní Kàdúná, àṣẹ tí wọ́n fún yín ní Kubwa kò dé ibẹ̀. Fádà ti ibẹ̀ ni kó dárúkọ yín, kó sì dárúkọ tọkọtaya náà. Láìsí èyí, ìgbéyàwó náà kò fìdí múlẹ̀ lójú òfin Ìjọ, bó ti wù kí aṣọ ẹbí pọ̀ tó. Àṣẹ fún ìgbéyàwó kan lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, àmọ́ ti gbogboogbò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ní tèmi o, ẹ gba gbogbo rẹ̀ ní ìwé, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì tọkọtaya.

Ní òkè Ọya níbí, ẹ ó máa rí Kátólíìkì tó fẹ́ fẹ́ Mùsùlùmí. Ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́. Láìsí i, kò sí ìgbéyàwó. Ti ẹni tó ti ṣe bàtísí ní Áńgílíkà yàtọ̀: òun náà nílò ìwé àṣẹ, àmọ́ ìgbéyàwó kò ní ti ìdí àìsí rẹ̀ bàjẹ́.

Òfin ìjọba náà ń bẹ ńbẹ̀. Bí oṣù 3 bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, ìfilọ̀ yẹn ti kú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Láàárín aago 8 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí 2, ó kéré tán, yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín. Láàárín ọjọ́ 7, ẹ̀dà sàtífíkéètì kan gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ́jísítírà. Ìwọ̀nyí ni àwọn díákónì ń gbàgbé jù, torí wọ́n rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ẹni tó so wọ́n pọ̀ ni òfin dárúkọ.

Olùtọ́jú_Pẹpẹ fèsì:

Akọ̀wé wa, ẹ ti sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àṣìṣe orí pẹpẹ ni àwọn ìyá ìjọ ń rí o. Ọ̀pọ̀ ló wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ, tó sì ń di àṣà.

Àkọ́kọ́ ni ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà tí àlùfáà bá ti na ọwọ́ sórí ẹ̀bùn búrẹ́dì àti wáìnì títí dé ìgbà tó bá gbé ife sókè, orí eékún ni díákónì wà. Àwọn tuntun máa ń dúró nítorí wọ́n rí i tí àwọn àlùfáà tó yí pẹpẹ ká dúró. Ìkejì, ìkéde ohun ìjìnlẹ̀ ìgbàgbọ́ lẹ́yìn ìyàsímímọ́, ẹnu àlùfáà ló ti ń jáde. Ìkẹta, nígbà ìyìn tó parí Àdúrà Ńlá (àdúrà tí àlùfáà fi ń ya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́), ẹ̀yin lẹ gbé ife, ẹ kò bá wọn ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ kò sì gbé ife sílẹ̀ títí ìjọ yóò fi dáhùn "Àmín" tán. Ọ̀pọ̀ ti gbé ife sílẹ̀ kí akọrin tó mí. Ẹ kì í sì fọwọ́ ara yín mú Kòmúníọ̀nù. Àlùfáà ni yóò fún yín, lẹ́yìn tí òun bá ti gbà á.

Nígbà ọyẹ́, búrẹ́dì Mísà máa ń gbẹ, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ má kánjú níbi fífọ àwọn ife. Ẹ gbọn gbogbo ègé kéékèèké sínú ife, ẹ da omi sí i, ẹ mu ún, kí ẹ tó fi aṣọ nù ún. Bí ife bá pọ̀, ẹ bò wọ́n sórí aṣọ kóóporà (aṣọ funfun tí a ń tẹ́ sábẹ́ ife), kí ẹ fọ̀ wọ́n lẹ́yìn Mísà.

Exsultet, orin ìyìn gígùn tí díákónì ń kọ lálẹ́ Àjíǹde, ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì ni kí ẹ ti máa kọ́ ọ. Ẹni tó dúró di Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ohùn òkè ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, á sì ha sáàárín.

Díákónì_Kubwa kọ:

Mo dúpẹ́ gan-an. Ti ìkúnlẹ̀ yẹn wọlé. Ó ku outstation àti àwọn aláìsàn. Àwọn ènìyàn ń gbé omi àti òróró wá pé kí n súre sí i, wọ́n sì ń fún mi lówó Mísà. Kí ni kí n ṣe?

Fádà_Gwagwalada fèsì:

Omi, ẹ lè súre sí i. Ilé àti mọ́tò náà, kò sí wàhálà, ìwé ìsúre fún díákónì láyè. Òróró àwọn aláìsàn ni kò sí lọ́wọ́ yín: ẹ kò lè súre sí i, ẹ kò sì lè fi kan ẹnikẹ́ni. Òróró ólífì tí wọ́n rà lọ́jà ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án nítòsí aláìsàn, torí ẹbí á rò pé ẹ ti ta á lóróró, wọn ò sì ní pe àlùfáà mọ́. Ohun tí ẹ lè ṣe ni àdúrà, Ìwé Mímọ́ àti Kòmúníọ̀nù. Bí ẹ bá ti rí i pé àìsàn náà wúwo, ẹ pe àlùfáà kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá délé. Bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ rọra dá a dúró, kí ẹ ṣàlàyé. Èyí tí ẹ bá ti gbọ́, ẹ pa á mọ́ sínú.

Owó Mísà: ẹ kọ orúkọ, ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọjọ́ àti iye owó, kí gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ Fádà olórí páríìṣì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣe Mísà náà, nítorí náà owó yẹn kì í ṣe tiyín fún ìṣẹ́jú kan.

Ní outstation tí kò sí àlùfáà, ẹ lè jókòó sórí àga olùdarí, kí ẹ kí ìjọ, kí ẹ ka Ìhìnrere, kí ẹ wàásù, kí ẹ fún wọn ní Kòmúníọ̀nù, kí ẹ sì súre. Kò sí gbígbé ọrẹ búrẹ́dì àti wáìnì wá, kò sí Àdúrà Ńlá. Bí ẹ bá gbọ́ "Mísà Díákónì" lẹ́nu katikísì (olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn) níbi ìfilọ̀, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, torí bó bá pẹ́, ìjọ yẹn ò ní béèrè àlùfáà mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí katikísì fi iye ènìyàn ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí búrẹ́dì mímọ́ bá fẹ́ tán, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹ kò lè ya òmíràn sí mímọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù níbi tí kò sí tabanákù (àpótí tí a ń tọ́jú Kòmúníọ̀nù sí), tààrà ni kí ẹ gbé e padà sí páríìṣì, láìdúró ra iṣu lọ́nà.

Ìwàásù: Póòpù Francis ní kó má ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Bí wọ́n bá ń túmọ̀ yín sí Haúsá, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 4 ni kí ẹ kọ. Kí ẹ fún ògbufọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ láti alẹ́ Sátidé, àgàgà bí òwe bá wà níbẹ̀.