Báwo ni àgbẹ̀ ṣe lè ṣọ́ oko rẹ̀ láì rú òfin ìbọn?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà ní Òkè Ọya, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Agbègbè Kwali ní Abuja ni mo ti ń gbin iṣu. Lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn olè tó gbé ìbọn lọ́wọ́ ti wọ oko wa lóru, tí wọ́n wa iṣu kún ọkọ̀, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ oko sì sá wọ igbó, èyí tí mo dúpẹ́ pé ó ṣe, nítorí n kò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wé iṣu.

Òfin ìbọn ọdún 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ ṣakabùlà, n kò sì fẹ́ rú òfin. Ta ni ó ti gba ìwé àṣẹ náà rí nítorí oko, kí ni wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ àwọn Agro Rangers, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ àjọ Sífù Dìfẹ́ǹsì tó ń dáàbò bo àgbẹ̀ àti oko, máa ń wá sí oko kékeré bíi tèmi, tí kò ju hẹ́kítà mẹ́ta lọ? Èmi àti àwọn Gbàgyí tí a jọ pààlà ń gbèrò láti máa fi ajá àti fèrè ṣọ́ oko, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé fèrè kò lè dá oníbọn dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.