Ẹ bá mi yan bọ́dìn àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ Olùkọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ní kí n wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lórí bọ́dìn àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn rẹ̀ àtàwọn gbajúmọ̀ tó lọ síbẹ̀. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Eton, ta ni ò mọ̀ ọ́n?

Bàbá Wálé: Eton náà ni màá dárúkọ. Ṣé wọ́n mọ̀ pé ọmọ tálákà 70 ni Ọba Henry Kẹfà dá a sílẹ̀ fún lọ́dún 1440, lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ wá wo ọmọ ẹni tó ń lọ síbẹ̀ báyìí!

Àbíkẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ má dárúkọ rẹ̀ 😂. Rugby ni o. Lawrence Sheriff tó dá a sílẹ̀ kì í ṣe ọba, oníṣòwò tó ń ta èlò ọbẹ̀ fún Elizabeth Kìíní ni. Kó tó kú lọ́dún 1567, ó yọ lára ilẹ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún iléèwé ní Rugby, ìlú rẹ̀. Pápá lásán ni nígbà náà. Nígbà tó yá, ìgboro fẹ̀ dé ibẹ̀, owó ilé ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba Rugby Street kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí orúkọ yẹn.

Síníọ̀ Bọ́lá: Rugby ni tèmi náà, tìtorí Thomas Arnold, ọ̀gá ibẹ̀ láti 1828 sí 1842. Òun kọ́ ló dá àṣà pé kí ọmọ kíláàsì àgbà máa darí àwọn kékeré sílẹ̀, àmọ́ òun ló gbé e ga débi tí iléèwé mìíràn fi ń wò ó kọ́ṣe. Ẹ̀yin tí síníọ̀ ti jí rí láàárọ̀ kùtù pé kí ẹ lọ pọn omi, ẹ gbọ́ o.

Ọmọ Olùkọ́: Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì ńkọ́? Àtàwọn gbajúmọ̀?

Àbíkẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù: Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kan, William Webb Ellis, ló gbé bọ́ọ̀lù mọ́ra sáré lọ́dún 1823, tí rọ́gíbì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra sọ ìyẹn, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ìtàn náà jáde. Èyí tó dájú ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1845. Lewis Carroll, òǹkọ̀wé Alice in Wonderland, lọ síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé kò sóhun tó lè mú òun tún irú ọdún mẹ́ta yẹn lò mọ́. Òǹkọ̀wé Salman Rushdie tó ti Bombay ní Íńdíà lọ síbẹ̀ náà ò gbádùn rẹ̀.

Ọmọ Olùkọ́: Rugby ni! Èlò ọbẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá Wálé, ẹ má bínú.

Bàbá Wálé: Mi ò bínú. Àmọ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 20 ló lọ sí tèmi o.