Mo fẹ́ kó ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà kúrò nínú ìwé bọ́ sórí fóònù: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Télọ̀_Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ tọkùnrin tobìnrin ni mò ń rán, nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà níbí. Inú ìwé ni mò ń kọ ìwọ̀n ara oníbàárà sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbaṣọ àti owó tó kù lọ́wọ́ wọn. Ìwé ti pọ̀ jù, òmíràn ti ya. Bí ẹni tó ránṣọ lọ́dún tó kọjá bá padà dé, a ó máa ṣí ìwé kiri ni. Fóònù Android ni mo ní, mi ò ní kọ̀ǹpútà. Áàpù wo ni kí n lò, báwo ni kí n sì ṣe tò ó? Kó má jẹ dátà, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì torí iná ò dúró, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì lè rí i.

Gígé_àti_Rírán:
Ẹ kú ìrọ́jú o. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ ṣe pàtàkì ju áàpù lọ, ẹ jẹ́ ká mú ìyẹn dáadáa.

Fún áàpù, ẹ fi Google Keep, áàpù nóòtì ti Google, bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè kọ nǹkan sí i láìsí dátà, tí dátà bá sì wọlé, á fi í pamọ́ sí àkáǹtì Google yín. Ọ̀rọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ dátà, fọ́tò ló ń jẹ ẹ́. Áàpù nóòtì tó bá fóònù wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kúrò lórí fóònù yẹn àfi tẹ́ ẹ bá tan ìfipamọ́ rẹ̀ fúnra yín. Bí fóònù bá bọ́ sómi, ìwọ̀n gbogbo bá a lọ nìyẹn. Evernote tí àwọn kan máa dárúkọ fún yín, láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni tọ̀fẹ́ rẹ̀ ò ti gbà ju nóòtì 50 lọ. Ìyẹn ò lè tó télọ̀.

Oníbàárà kan, nóòtì kan. Ẹ má kó gbogbo wọn sójú kan. Nóòtì Keep kan ò gbà ju nǹkan bíi 20,000 lẹ́tà lọ, kó tó kún gan-an ni wíwá nǹkan nínú rẹ̀ á ti sú yín. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

*Iya Kemi Okesa 4471*
Wọ̀n ọ́n: 2025-03-14, íǹṣì, ìwọ̀n ara
Èjìká 15.5, àyà 40, ìbàdí 36, ìdí 44
Gígùn apá 22, yíká apá 14.5
Gígùn bùbá 27, gígùn síkẹ́ẹ̀tì 40
Kò fẹ́ kí apá fún un
Iṣẹ́: bùbá àti síkẹ́ẹ̀tì, ańkárá yáàdì 4
Á gbà á: 2025-03-28

4471 yẹn ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú fóònù rẹ̀. Ìyá Kẹ́mi pọ̀ nílùú, nọ́ńbà yẹn ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gé aṣọ ẹnìkan pẹ̀lú ìwọ̀n ẹlòmíràn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ara ń yí padà. Tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí tó bá jẹ́ aboyún tàbí ọmọ tó ń dàgbà, ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ kọ "íǹṣì" sí i. Ojú méjì ni téèpù ní, íǹṣì kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Àyà 40 ò lè tan àgbà télọ̀ jẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n aṣọ ọmọdé lè tan ọmọ iṣẹ́.

"Ìwọ̀n ara" yẹn gan-an ló ń ba aṣọ jẹ́ jù tí kò bá sí níbẹ̀. Bí ẹni tó wọ̀n ọ́n bá ti fi íǹṣì méjì kún àyà kí aṣọ lè rọ̀ ọ́ lára, tí kò sọ, ẹni tó fẹ́ gé e á tún fi méjì kún un. Bùbá á wá máa fẹ̀ lára oníbàárà. Ohun tí téèpù bá sọ lára ni kẹ́ ẹ kọ, àfikún di ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e.

Ìdajì íǹṣì, ẹ kọ ọ́ ní .5, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ní .25. Tẹ́ ẹ bá kọ "15 1/2", tí àlàfo àárín rẹ̀ bá fò, ó di 151/2.

Tí oníbàárà bá ti gbaṣọ, ẹ tẹ Archive, ẹ má tẹ Delete. Èyí tó wà ní Archive ṣì máa yọ tẹ́ ẹ bá wá a. Èyí tẹ́ ẹ bá pa rẹ́, ọjọ́ 7 péré ló máa lò nínú Trash, ó lọ nìyẹn.

Ọmọ_Òṣómàáló:
Ẹ má kọ gbèsè sínú Keep, kò mọ ìṣirò. Google Sheets, áàpù tó ń to nǹkan sí òpó tó sì ń ṣe ìṣirò, ni kẹ́ ẹ lò fún owó. Òpó mẹ́fà tó: A ọjọ́, B orúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, C iṣẹ́, D owó iṣẹ́, E ohun tó ti san, F ìyókù. Nínú F2, ẹ kọ =D2-E2, kẹ́ ẹ ṣe Copy rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣe Paste rẹ̀ sínú àwọn àpótí F tó wà nísàlẹ̀. Níbòmíràn lókè, bíi H1, ẹ kọ =SUM(F2:F500); gbogbo owó yín tó wà níta nìyẹn.

Nọ́ńbà lásán ni kẹ́ ẹ kọ sí D àti E. "5k" tàbí "5000 naira", ọ̀rọ̀ ni Sheets máa kà á sí, F á wá gbé #VALUE! jáde.

Tí oníbàárà bá san díẹ̀díẹ̀, ẹ má pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ́. Ká ní ó kọ́kọ́ san 5000, tó tún mú 3000 wá, ẹ kọ =5000+3000 sínú E. Yóò gbé 8000 jáde, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tẹ àpótí náà, ẹ ó rí sísan méjèèjì. Ibi owó tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lásìkò Iléyá àti Kérésì tí iṣẹ́ bá wọ́ jọ. Ẹ tún tẹ àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà, kẹ́ ẹ yan Make available offline nígbà tí dátà ṣì wà, kó lè ṣí nígbà tí dátà ò bá sí.

Àmì_Ohùn:
Ẹ wo orí nóòtì tí ẹni àkọ́kọ́ kọ: "Iya Kemi Okesa", kò sí àmì lórí rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Inú nóòtì ni kẹ́ ẹ ti fàmì sí i bó ṣe wù yín. Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ṣe ni wọ́n ń to àmì pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á mú ọ, á wá fi àmì ohùn lé e, òmíràn á mú ó, á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Áàpù tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n lè sọ pé òun ò rí Títílayọ̀, tó sì wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ wọ Settings Gboard (kíbọ́ọ̀dù ti Google), Languages, Add keyboard, kẹ́ ẹ wá Yoruba.

Télọ̀_Iléṣà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìwé àtijọ́ ńkọ́, ṣé kí n tẹ gbogbo wọn? Tàwọn ọmọ iṣẹ́ náà ńkọ́?

Gígé_àti_Rírán:
Ẹ má tẹ gbogbo wọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Oníbàárà tó bá padà wá ni kẹ́ ẹ ṣí nóòtì fún, torí ẹ máa tún un wọ̀n náà ni. Ìwé tó kù, ẹ fi áàpù Google Drive ya á: àmì +, Scan, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó di PDF kan. Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ ti yà á, kí òjìji ọwọ́ yín má bọ́ sórí ìwé. Ààyè 15 GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò wà nínú rẹ̀.

Ẹni tẹ́ ẹ bá fi sí Collaborator nínú Keep lè yí nọ́ńbà padà, kò sí ti kó máa wò ó nìkan. Ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì Google kan fún ṣọ́ọ̀bù nìkan, kẹ́ ẹ gbé e sórí fóònù yín àti fóònù àlòkù kan tó máa wà lórí tábìlì gígé. Ìwé gbèsè, àkáǹtì tiyín ni kó wà.

Ọmọ_Òṣómàáló:
Ohun kan tó kù: ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì yẹn. Tó bá jẹ́ ẹni tó ta fóònù ló bá yín ṣí èyí tẹ́ ẹ ń lò báyìí, ó mọ pásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ yí i padà lónìí. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì mìíràn sí Recovery, torí tẹ́ ẹ bá sọ síìmù nù láìsí ímeèlì kejì, ẹ lè má rí àkáǹtì náà ṣí mọ́. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sórí bébà, kó wà nílé, kó má wà ní ṣọ́ọ̀bù.