Ayaba ta ni? Lórí orúkọ èèrà gbẹ́nàgbẹ́nà àti ìyá wọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa láti Ìbàdàn gbé wá síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí. Ó ń túmọ̀ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọdé, lórí bí èèyàn ṣe lè fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ àti òwú sin àwọn èèrà dúdú ńláńlá tí Òyìnbó fi iṣẹ́ káfíńtà sọ lórúkọ. Ó béèrè orúkọ èèrà náà fúnra rẹ̀, orúkọ èyí tó ń yé ẹyin, orúkọ gbogbo wọn lápapọ̀, àti orúkọ àwọn wẹ́wẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa fún un ni "èèrà káfíńtà", "ayaba", "ìlú èèrà" àti "òṣìṣẹ́ kékeré". Ẹ̀gbọ́n wa kan tiẹ̀ ní ká má fi èyí gba àkókò ara wa mọ́, pé "ayaba" ti wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Mo ń sìn wọ́n nínú ilé, ojú mi ló sì rí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Maryland ni mo ń gbé ní Amẹ́ríkà, irú èèrà yìí sì pọ̀ níbẹ̀. Camponotus pennsylvanicus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. De Geer, onímọ̀ kòkòrò kan, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1773. Nígbà tí Mayr, onímọ̀ èèrà, máa sọ gbogbo ìran wọn lórúkọ lọ́dún 1861, ẹ̀yìn wọn tó tẹ̀ bí ọrun ló wò, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì sọ ọ́. Ìran náà wà nílẹ̀ wa ní Nàìjíríà pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì là ń wá orúkọ fún.

Ní oṣù Karùn-ún tó kọjá, lẹ́yìn òjò ọ̀sán kan, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 rí ọ̀kan tó ń rìn lórí kọnkéré iwájú ilé. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 àtààbọ̀, ó dúdú, ó ń dán. Ìyẹ́ rẹ̀ ti já, ojú ibi tó ti já ṣì hàn léjìká rẹ̀. Èyí fi yé wa pé ó ti gbọ́mọ sínú, ibi tó máa yé ẹyin sí ló ń wá. A bu omi sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a fi òwú dí omi náà mọ́ ìsàlẹ̀, a jẹ́ kí èèrà náà wọlé, a fi òwú mìíràn dí ẹnu ìgò, a fi aṣọ dúdú wé e, a sì gbé e sínú dúrọ́ọ̀.

Kì í ṣe òun la kọ́kọ́ mú. Èyí tá a mú lọ́dún tó ṣáájú, orí fíríìjì la gbé e sí. Fíríìjì ń gbọ̀n, èmi náà sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó jẹ gbogbo ẹyin rẹ̀ tán. Ó dùn mí gan-an. Èyí ló jẹ́ kí n máa wo ti oṣù Karùn-ún yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré, iná pupa ni mo sì fi ń wò ó, torí ojú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa.

Lọ́jọ́ tá a gbé e sínú dúrọ́ọ̀ yẹn, ọmọ náà pe ìyá mi lórí fóònù ní Ìkirè. Ó ní, "Mọ́mì àgbà, a ti ní ayaba nínú ìgò." Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ayaba ta ni? Ọba wọn dà?" Ọmọ yíjú sí mi. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ wò ó, aya ọba ni ayaba. Kò sí bí a ṣe lè yí i. Ọ̀rọ̀ náà bá ikán mu dáadáa, torí ikán ní ọba. Inú òkìtì ọ̀gán lọ́hùn-ún, nínú yàrá kan náà, ni akọ àti abo ń gbé, akọ yẹn kì í sì í fi abo náà sílẹ̀ títí ayé wọn. Ẹni tó bá ti hú òkìtì rí lè ti rí àwọn méjèèjì. Ọba nìyẹn, ayaba nìyẹn. Ní ti èèrà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni akọ fò jáde. Ó bá abo pàdé, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. Abo gbé irúgbìn akọ pamọ́ sínú àpò kékeré kan nínú ikùn rẹ̀, ó sì ń fi í bímọ fún ọdún tó lè ju 10 lọ. Bó bá jẹ́ orúkọ ọkọ la fẹ́ fi pè é, opó ni.

Àǹtí wa kan mú "ọbabìnrin" wá, ó sì rán wa létí Lóbùn ti Oǹdó, ọba obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó ọba kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí èyí ti yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kù. Ọba a máa pàṣẹ. Èèrà tí mò ń wò yìí kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá ṣèèṣì tan iná funfun, àwọn ọmọ rẹ̀ a fi ẹnu gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n a wọ́ ọ lọ síbi tó ṣókùnkùn. Àwọn ló ń pinnu ibi tí ẹyin máa wà, àwọn ló ń gbé e kiri. Tirẹ̀ ni pé kó yé e.

Ìyá wọn ni. Ìyá èèrà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà kéré, pé kò gbé ipò yọ, kó rántí ìlù dùndún. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí gbogbo omele ń tẹ̀ lé, kí là ń pè é? Ìyá ìlù. Àwọn baba wa ò pè é ní ọba ìlù. "Ìyá" ti ń gbé ipò àgbà yọ nínú èdè yìí tipẹ́, a ò ní láti yá adé ẹlòmíràn fún un.

Bí a bá ti gba "ìyá", ọ̀rọ̀ kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo fi "colony", ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí wọ́n ń pe àkójọpọ̀ èèrà, sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ kan, ó fún mi ní "ìlú àmúnisìn èèrà". Àbùkù ni. "Ìlú èèrà" sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n onírúurú ìdílé ló ń gbé ìlú, àlejò sì lè wá tẹ̀ dó síbẹ̀. Inú ìgò mi, kò sí àlejò. Èèrà ìta tó bá wọ ibẹ̀, wọ́n á pa á. Ikùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá. Nílé wa, a mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọbàkan àti ọmọ ìyá, ẹni kọ̀ọ̀kan ló sì mọ èyí tó wúwo jù. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo dábàá "agbo ọmọ ìyá" fún ìwé náà, kí a gé e sí "agbo" níbi tó bá ti hàn kedere. Ẹni tó fẹ́ "agboolé" kò jìnnà sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí bàbá la fi ń mọ agboolé.

Ẹ jẹ́ kí n wá pẹ́ díẹ̀ lórí "èèrà káfíńtà". Kí ni káfíńtà ń ṣe? Ó ń kan pákó mọ́ pákó. Ó kan òrùlé, ó kan àga, ó kan bẹ́ẹ̀dì. Èèrà yìí kì í kan nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Ara igi ló ti ń yọ kúrò. Ó máa ń wá igi tí omi ti rin, ó ń fi ẹnu gé e wẹ́wẹ́, ó ń kó ìyẹ̀ rẹ̀ dà síta. (Ìyẹ̀ ni kí a pe èérún igi yẹn. Bí kòkòrò bá lu igi ìrosùn, ohun tó ń dà sílẹ̀, ìyẹ̀ ìrosùn là ń pè é, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀.) Ibi tí igi ti rọ̀ ló ń gbẹ́, á fi ibi tó le sílẹ̀ bí ògiri, ihò náà á sì máa dán bí ohun tí wọ́n fi sáńpépà ha. Kì í jẹ igi bíi ti ikán. Omi dídùn tó ń jáde lára àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ orí ewé ló ń mu, ó sì ń jẹ kòkòrò mìíràn. Ẹyẹ àkókó ńlá olórí pupa tó wà níbí mọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ń gbẹ́ igi kan náà láti lọ jẹ èèrà tó ti gbẹ́ ẹ ṣáájú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Wọ́n ti ta ko èyí, pé Bíbélì ti fi gbẹ́nàgbẹ́nà pe káfíńtà nínú Máàkù 6:3, "Gbẹ́nàgbẹ́nà náà kọ́ yìí," torí náà ọ̀kan ni méjèèjì. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nígbà tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì. Lẹ́nu wa lónìí, wọ́n ti yà. Ta ló ń ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà pé kó wá kan òrùlé? Ta ló sì máa pe Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní káfíńtà, òun tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924? Ta ló máa pe Lámìdì Fákẹ́yẹ bẹ́ẹ̀?

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó mú inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Ọnà, iṣẹ́ ẹwà, ni gbẹ́nàgbẹ́nà ènìyàn ń gbẹ́. Ọ̀nà, èyí tí ẹsẹ̀ ń tọ̀, ni èèrà ń gbẹ́ sínú igi. Ohùn orí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá so wọ́n mọ́ "gbẹ́", ìpajẹ á mú fáwẹ̀lì yẹn lọ, "gbẹ́nà" nìkan ló máa ṣẹ́ kù lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà gba iṣẹ́ méjèèjì láìyí ohunkóhun padà. "Agbẹ́gilére" tí ẹnì kan mú wá kò lè ṣe é, torí kò sí ère níbẹ̀. "Ìkamùdù" náà kò bá a mu: ìkamùdù ní oró nídìí, ó sì ń rùn, èèrà gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ta èèyàn, ẹnu ló fi ń bù ú jẹ.

Ní ti "sin èèrà", pé ó dún bí ẹni tó ń bọ èèrà: a ń sin adìẹ, a ń sin ewúrẹ́. Olùsìn ni ti ẹ̀sìn, ọlọ́sìn ni ti ẹran. Ọlọ́sìn èèrà, ó parí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ya àwọn kan lẹ́nu, torí bí a bá gbé ọmọ tuntun, àdúrà wa ni pé èèrà ò ní rà á.

Ó ku "òṣìṣẹ́ kékeré". Oṣù méjì ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tá a mú ìyá wọn ni wọ́n jáde. Ẹyin di ìdin, ìdin hun òwú bo ara rẹ̀ bí kòkòrò sányán, èèrà sì já òwú náà jáde. Wọ́n kéré, wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìdí tí wọ́n fi kéré ni pé ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá wọn ò jẹ nǹkan kan. Ẹran èjìká tó fi ń fò ló yọ́ di oúnjẹ, òun ló ń fi bọ́ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a máa pè ní òṣìṣẹ́ kékeré? Àkọ́bí ni wọ́n. Àwọn tó bá tẹ̀ lé wọn á tóbi jù wọ́n lọ, torí àkọ́bí ló máa wá oúnjẹ tí wọ́n á fi tọ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fún wọn lóyin, orí igi ìtayín ni mo fi kán an sí, ìkán kékeré báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́bí náà wá, ó fi ìwo orí rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó mu ún, ó mu ún, títí ikùn rẹ̀ fi wú, tí funfun fi hàn láàárín àwọn ìlà dúdú rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá fi ìwo gbá a lórí pẹ́pẹ́pẹ́, àwọn méjèèjì fẹnu kanra, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ń wo iṣẹ́ náà, kò mí. Ó ní, "Dádì, ó ń bọ́ ìyá ẹ̀."

"Ìfẹnubọ́" ni mo fẹ́ ká pe ìyẹn. Ẹnì kan dábàá "rírọ", bí a ṣe ń rọ ọmọ lágbo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń rọ kì í tọrọ, èyí sì ń fi ìwo tọrọ. Ikùn tí oyin náà wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ikùn gbogbo ilé ni.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni àwọn tí orí wọn tóbi gan-an, tí agbo máa ń bí nígbà tó bá ti gbilẹ̀. "Jagunjagun" ló ń wá sí wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n orí ńlá yẹn wúlò fún gígé ohun líle ju ogun lọ. "Akọ èèrà" kò ṣeé gbọ́, abo ni gbogbo wọn. "Olórí-ńlá", ẹni tó bá kà á láì wo àmì á rò pé aláṣẹ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Èkìtì àti Ìjẹ̀bú dáadáa, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nílé fún èèrà olórí ńlá láàárín àwọn wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí àbúrò wa tó kó ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Òtútù ti mú níbí báyìí. Mo ti gbé ìgò náà lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ibi tí a kì í tan ẹ̀rọ amúlégbóná sí, kí wọ́n lè sinmi títí oṣù Kẹta, torí èèrà ilẹ̀ yìí kì í ṣe dáadáa lọ́dún kejì bí òtútù ò bá mú un. Ìyá mi pè lálẹ́ àná. Lẹ́yìn tó kí gbogbo wa tán, ó ní, "Ìyá àwọn èèrà ńkọ́?" Ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní ó wà dáadáa, òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n kó ara wọn jọ síbi òwú, wọn ò rìn.